Bí ọkọ̀ bá ń dún “kọ́” tí kò ṣáná: Ẹ má tíì sáré ra sítátà, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí àrùn wà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí. Ọkọ̀ tó gbé ẹni tó ni ín lọ sí ọjà Òkè-Ajé lánàá, tó sì gbé e padà wálé láìsí wàhálà kankan, tí wọ́n wá yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí tó jẹ́ pé “kọ́” péré ló dún, tí ẹ́ńjìnnì kò yí rárá, kò dédé ṣe bẹ́ẹ̀, ohun kan ló fà á. Ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ onímọ́tò ni pé kí wọ́n tó mọ ohun tó fà á yìí, owó á ti jáde lápò wọn. Wọ́n á ti ra bátìrì, wọ́n á ti ra sítátà, ọkọ̀ náà á sì tún jókòó sójú kan bí ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ère síbẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n á wá rí i pé orí bátìrì tó dípẹtà lásán ni.

Ní Ìjẹ̀bú-Òdé, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ìlú náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù lọ sí Ọ̀rẹ́ àti Benin, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀nà Ìbàdàn wà níbẹ̀, ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó náà sì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀ lójúmọ́ kò lóǹkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló kọ́lé sílé, tí wọ́n sì gbé mọ́tò kan sínú ọgbà ilé náà, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá wálé wá ṣe ìnáwó, tàbí tí wọ́n bá wálé fún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nìkan ni wọ́n ń wà á. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á dá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á dá dúró fún oṣù méjì, bátìrì rẹ̀ á sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n ti wọ aṣọ ẹbí tán, tí wọ́n ti wé gèlè tán, ni yóò dún “kọ́”. Èyí tiẹ̀ tún sàn, nítorí inú ọgbà ni. Ẹni tó dúró ra nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó pa ọkọ̀ rẹ̀, tí ọkọ̀ náà kò sì ṣáná mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí onímọ́tò mọ ohun tí ariwo kékeré yẹn ń sọ. Kì í ṣe pé kí gbogbo wa di rẹ́wáyà, bí kò ṣe pé kí a lè mọ ìgbà tí rẹ́wáyà ń sọ òtítọ́ fún wa àti ìgbà tó ń mẹ́bọ.

Láyé ìgbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ayé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á ti irin kan bọ iwájú ọkọ̀, wọ́n á máa fi agbára yí i títí tí yóò fi gbiná. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ta padà lójijì, irin náà lè ṣẹ́ ẹni tó ń yí i lápá. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Charles Kettering ló ṣe sítátà oníná tó wúlò fún ọkọ̀ ní ọdún 1911, iléeṣẹ́ Cadillac sì fi í sínú àwọn ọkọ̀ wọn ti ọdún 1912. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe arúgbó, ti lè jókòó sínú mọ́tò kó sì ṣáná sí i láìlàágùn. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kò sì yí padà títí dòní: bátìrì ló ń fún ẹ̀rọ kékeré kan lágbára, ẹ̀rọ kékeré náà ló sì ń yí ẹ́ńjìnnì ńlá.

Ohun mẹ́ta ló wà lára sítátà òde òní tó yẹ ká mọ̀. Èkínní ni ẹ̀rọ tí iná ń yí gan-an. Èkejì ni irin eléyín kékeré tí àwọn rẹ́wáyà ń pè ní bẹ́ńdíìsì, òun ló máa ń sún síwájú lọ kọ́ eyín tó yí etí flywheel ẹ́ńjìnnì ká. Ẹ̀kẹta ni solenoid, èyí tó dà bí agolo róbótó kékeré tó gun sítátà lẹ́yìn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n wé sínú rẹ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, iná díẹ̀ á kọ́kọ́ wọ inú wáyà yìí, á sọ ọ́ di òòfà, òòfà náà á sì fa irin kan wọlé. Irin yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń ti bẹ́ńdíìsì síwájú, ó sì ń fi pẹlẹbẹ bàbà kan so orí bóòtù ńlá méjì pọ̀. Ìgbà tí bóòtù méjèèjì bá tó so pọ̀ ni iná ńlá tó ń bọ̀ tààrà láti bátìrì tó wọ inú sítátà, tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí.

Ẹ jẹ́ ká fi iye kún un kó lè yé wa dáadáa. Gílóòbù iwájú ọkọ̀ kan kì í jẹ ju bíi 5 áńpù lọ. Sítátà ọkọ̀ kékeré lè fa 100 sí 200 áńpù nígbà tó bá ń yí ẹ́ńjìnnì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé rédíò ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀, fèrè ọkọ̀ ń ké, síbẹ̀ tí sítátà kò yí. Iná tó tó rédíò kò tó sítátà.

Ariwo “kọ́” tí à ń gbọ́ yẹn, irin inú solenoid ló fò wọlé tó sì gbá ìdí rẹ̀. Ẹ wo bí ariwo kan ṣoṣo yìí ti sọ nǹkan púpọ̀ fún wa: kọ́kọ́rọ́ ń ṣiṣẹ́, fíùsì rẹ̀ kò jó, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí sítátà kò já. Ohun tó kù ni pé iná ńlá kò dé, tàbí pé ó dé ṣùgbọ́n nǹkan kan kò jẹ́ kí sítátà yí. Ẹni tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí tó ń pààrọ̀ fíùsì nítorí ọkọ̀ tó ń dún “kọ́” láti ìdí ẹ́ńjìnnì, ó ń wá ohun tí kò sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa o. Bí ó bá jẹ́ pé “tà” fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dún láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí láti inú àpótí fíùsì, tí ìdí ẹ́ńjìnnì kò sì dún rárá, rílè ló dún yẹn, iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ solenoid. Ọ̀tọ̀ ni àrùn tìyẹn.

Bí a bá ti mọ̀ pé ìdí ẹ́ńjìnnì ló ti ń dún, ká tún bi ara wa pé: báwo ló ṣe dún? Bó bá ń dún “kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́” léraléra bí ìgbà tí ènìyàn ń gbá abọ́ pánù, bátìrì tí kò lágbára tàbí orí bátìrì tí kò mú dáadáa ló sábà máa ń fà á. Ìdí rẹ̀ ni pé ìwọ̀nba iná tó kù nínú bátìrì tó láti fa irin inú solenoid wọlé. Àmọ́ kété tí bóòtù méjèèjì bá so pọ̀, tí sítátà bá fa tirẹ̀, agbára bátìrì á wálẹ̀ lójijì, òòfà kò ní í lè di irin náà mú mọ́, irin á padà sẹ́yìn. Bó ti padà ni bátìrì á tún mí díẹ̀, òòfà á tún fa irin, irin á tún padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọn á ṣe máa bá ara wọn fà á títí tí a ó fi dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Bó bá jẹ́ “kọ́” kan ṣoṣo tó wúwo ló dún, tí gbogbo nǹkan sì dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà lè ju bátìrì lọ. Ó lè jẹ́ pé bàbà inú solenoid ti jó, ó lè jẹ́ pé kábọ́ọ̀nù inú sítátà ti jẹ tán, ó lè jẹ́ wáyà ńlá, ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ti gan. Bó bá sì jẹ́ pé sítátà ń yí “fúùùù” tí ẹ́ńjìnnì kò tẹ̀ lé e, bẹ́ńdíìsì kò kọ́ eyín flywheel nìyẹn, bátìrì kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀.

Ìdánwò kìíní kò gba owó, kò sì gba irinṣẹ́. Ẹ tan iná iwájú ọkọ̀, kí ẹnìkan dúró síwájú tó ń wò ó, tàbí kí ẹ kọjú ọkọ̀ sí ògiri bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná náà bá rẹ̀wẹ̀sì tó fẹ́ kú pátápátá, bátìrì ti lọ sílẹ̀, tàbí orí bátìrì kò jẹ́ kí iná kọjá. Bí iná náà bá wà bó ti wà, tí kò tilẹ̀ ṣẹ́jú, a jẹ́ pé bátìrì kò rí iṣẹ́ kankan ṣe, iná ńlá kò wọ inú sítátà rárá. Solenoid, kábọ́ọ̀nù tàbí wáyà tó lọ sí sítátà ni ká wò. Bí iná náà bá wálẹ̀ gan-an ṣùgbọ́n tí kò kú, tó sì dá wa lójú pé bátìrì yó, sítátà ń fa iná ṣùgbọ́n kò lè yí. Yálà sítátà ló há, tàbí ẹ́ńjìnnì ló há.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo orí bátìrì. Bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó hù síbẹ̀ bí èéfún, ẹ ti rí ẹni tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀daràn. Ẹ fọwọ́ mú orí wáyà náà kí ẹ mì í. Bó bá lè yí nídìí, kò mú. Bí ẹ ó bá tú u, orí tó ní àmì àyọkúrò (–) ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà sì ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Ìdí ni pé ara ọkọ̀ látòkèdélẹ̀ ló so mọ́ orí yìí. Bí sípánà bá kan ara ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń tú orí àròpọ̀ (+), tí orí kejì ṣì wà níbẹ̀, iná á ṣẹ́, ó sì lè jó ènìyàn. Ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ fi sáńpépà ha á títí irin yóò fi dán nínú àti lóde, kí ẹ dè é padà kó le. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tó kàn án nu ojú o, nítorí ásíìdì ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ ra sítátà fún ni iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí ti wò sàn.

Bí orí bátìrì bá mọ́ tí ọkọ̀ kò tíì yí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná, tí gbogbo rẹ́wáyà ń pè ní mítà, ló kàn. Kò wọ́n, ó sì yẹ kí onímọ́tò ní tirẹ̀. Bátìrì tó yó, tí ọkọ̀ ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, máa ń wọn bíi 12.6 fóòtì. Bó bá wọn 12.4, ó ti dín díẹ̀. 12.2 túmọ̀ sí pé ó ti tó ààbọ̀, bó bá sì ti wá sí 12 tàbí kó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má dá sítátà lẹ́bi, ebi ló ń pa bátìrì. Ẹ kíyè sí i pé 12 kì í ṣe iye tó dára gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò nítorí pé wọ́n kọ “12” sára bátìrì.

Iye tó wà nígbà tí ọkọ̀ sinmi kò sì tó láti dájọ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ mítà sórí bátìrì, kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́. Bí iye náà bá já wá sísàlẹ̀ 9.6 fóòtì, bátìrì náà kò lè gbé ẹrù mọ́, bó tilẹ̀ wọn 12.6 ṣáájú. Òun ló dà bí ọkùnrin tó sanra tí kò lè gbé garawa omi kan. Bí iye náà kò bá sì kúrò ní nǹkan bíi 12 nígbà tí “kọ́” ń dún, bátìrì ti bọ́ nínú ẹ̀sùn, ẹ wá àrùn lọ sí iwájú.

Ẹ tún rántí pé kì í ṣe gbogbo bátìrì tó lọ sílẹ̀ ló kú. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣáájì. Àmọ́ ṣáájì oníwákàtí kan lásán kì í yó bátìrì, ojú òkè ló ń tàn. Ṣáájì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ ló ń dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣáájì rẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wọ̀n ọ́. Bó bá ti wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ lò ó, ẹ gbà pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò, òun náà ni wáyà ńlá méjèèjì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà wé táńkì omi tí a gbé sókè nínú ọgbà. Táńkì lè kún dẹ́múdẹ́mú, bí ìdọ̀tí bá dí páìpù, ẹ̀kán-ẹ̀kán ni omi á máa já sínú garawa nísàlẹ̀. Bátìrì ni táńkì, wáyà ni páìpù. Iná tó jáde lórí àròpọ̀ (+) gbọ́dọ̀ gba ara ẹ́ńjìnnì padà sórí àyọkúrò (–). Wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bátìrì àti ara ọkọ̀, tí àwọn rẹ́wáyà ń pè ní áàtì, sì wà nísàlẹ̀ níbi tí omi, ẹrẹ̀ àti epo ti ń bà á. Àwa tí a mọ òjò ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, a mọ ohun tí omi ń ṣe fún irin.

Bí a ṣe ń mú un nìyí. Ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí àyọkúrò bátìrì gan-an, kì í ṣe sórí wáyà, kí ẹ fi ìkejì kan irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kí iye tí ẹ ó rí ju ìdá méjì nínú mẹ́wàá fóòtì kan lọ, bó bá ti kọjá ààbọ̀ fóòtì, áàtì kò dára. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọn wáyà tó ti orí àròpọ̀ lọ sídìí sítátà, kò yẹ kí òun náà kọjá ààbọ̀ fóòtì. Bí ẹ kò bá ní mítà, tí ẹ sì ní wáyà tí wọ́n fi ń yá iná, ẹ fi ọ̀kan ṣoṣo so orí àyọkúrò mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún gbìyànjú. Bí ọkọ̀ bá ṣáná, ẹ ti mú olè.

Bí bátìrì bá yó, tí orí rẹ̀ mọ́, tí wáyà dára, ìgbà yìí ló tó tọ́ láti fura sí sítátà. Ẹ lè fi igi tàbí ìdí òòlù gbá ara sítátà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn bá yí kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi jíà sí fíríì, tí ẹ fa bíréèkì ọwọ́, tí ọwọ́ àti aṣọ yín sì jìnnà sí bẹ́líìtì àti fáànù. Bí ọkọ̀ bá ṣáná lẹ́yìn gbígbá náà, kábọ́ọ̀nù tó ti jẹ tán tàbí bàbà tó ti jó ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di oògùn ojoojúmọ́ o. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní í gbọ́ ti òòlù mọ́, ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ọjọ́ tó rọrùn.

Àwọn rẹ́wáyà kan máa ń fi sukurudíráfà so bóòtù ńlá méjì ìdí solenoid pọ̀. Bí sítátà bá yí kánkán nígbà náà, bàbà inú solenoid ló ti jó. Ìdánwò tòótọ́ ni, àmọ́ ó léwu. Iná máa ń ṣẹ́ níbẹ̀ bí ti àwọn ajórin, sítátà sì lè yí láìka kọ́kọ́rọ́ sí. Àwọn tó ń so ìdí wáyà kékeré mọ́ ti ńlá ló tún léwu jù, nítorí bẹ́ńdíìsì á kọ́ ẹ́ńjìnnì, bí jíà bá sì wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ náà lè fò tẹ ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ilé dán an wò.

Bí ó bá já sí sítátà lóòótọ́, kò túmọ̀ sí pé odindi sítátà lẹ ó rà. Kábọ́ọ̀nù ṣeé pààrọ̀, bàbà inú solenoid ṣeé pààrọ̀, búsììnì tí irin rẹ̀ ń yí lórí rẹ̀ náà ṣeé pààrọ̀. Owó wọn kò tó ti sítátà tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Ládípò, ní Muṣin, tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ọdún mélòó tó ti lò lára ọkọ̀ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tòkúnbọ̀ dandan, ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì dán an wò nílẹ̀ lójú yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gba ti àtijọ́ padà lọ́wọ́ ẹni tó tú u. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè. Ẹ bi í pé: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi mọ̀ pé sítátà ni?” Bó bá lè fi mítà hàn yín, ẹ sanwó fún un tayọ̀tayọ̀. Bó bá ní òun kàn mọ̀ ni, ẹ ní kó ṣe sùúrù.

Ohun kan tún wà tó burú ju gbogbo èyí lọ. Bí iná iwájú bá wálẹ̀ nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, tí bátìrì yó, tí sítátà sì dára nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló ti gan. Rẹ́wáyà tàbí mẹkáníìkì á fi sípánà ńlá yí bóòtù iwájú ẹ́ńjìnnì wò pẹ̀lú jíà ní fíríì. Bí kò bá yí, ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì ti tán tó fi jó, ó sì lè jẹ́ pé omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ wọ àgbàrá òjò tí ọkọ̀ náà sì kú sínú omi, kó má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Omi kì í ṣe afẹ́fẹ́, kò ṣeé fún pọ̀, bí písítìnì bá sì fẹ́ fún un, irin inú ẹ́ńjìnnì ni yóò tẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ tú pọ́lọ́ọ̀gì, kí omi jáde.

Ní ti yíyá iná lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, ètò wà níbẹ̀. Wáyà pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sórí àròpọ̀ bátìrì tó kú, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ kejì sórí àròpọ̀ bátìrì tó yè. Wáyà dúdú, ẹ fi í sórí àyọkúrò bátìrì tó yè, kí ẹ wá fi ìparí rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó kú, níbi tó jìnnà sí bátìrì. Kì í ṣe àṣejù. Bátìrì máa ń tú gáàsì hydrogen jáde, iná díẹ̀ tó ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè mú kó bú gbàmù, kí ásíìdì sì fọ́n sójú ènìyàn. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣáná sí ìṣáná tàbí sìgá láti fi wo inú bátìrì lálẹ́. Ní ti títì, ọkọ̀ tó ń lo jíà ọwọ́ nìkan ló ṣeé tì kó ṣáná. Ti ọ́tò, asán ni, ńṣe lẹ ó kàn dá ara yín lágara.

Bí ọkọ̀ bá ti ṣáná, ẹ má rò pé ó parí. Ẹ tún fi mítà sórí bátìrì. Bí alternator bá ń ṣiṣẹ́, iye náà yóò wà láàárín nǹkan bíi 13.7 sí 14.7 fóòtì. Bó bá wà ní 12 tó sì ń lọ sílẹ̀, alternator kò bọ́ bátìrì, bátìrì tuntun tí ẹ bá rà lónìí á tún kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ra bátìrì méjì lọ́dún kan nítorí alternator. Ẹni tó bá sì máa ń pa ẹ́ńjìnnì níbi òde ọjọ́ Sátidé, tó fi rédíò sílẹ̀ tó ń kọrin fún wákàtí mẹ́ta, kó má bínú sí bátìrì. Ooru ilẹ̀ wa náà ń gé ẹ̀mí bátìrì kúrú, nítorí ó ń gbẹ omi inú rẹ̀. Èyí tó ní ìdérí lórí, omi bátìrì nìkan ni kí ẹ máa bù kún un, kì í ṣe ásíìdì, kì í sì í ṣe omi kànga. Mọ́tò tó ń jókòó sílé dé ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà l'Ékòó, kí wọ́n tú orí àyọkúrò rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ, tàbí kí ẹni tó ń ṣọ́lé máa ṣáná sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Bátìrì tó bá kú pátápátá ńkọ́? Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi ṣeré, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ tàbí yọ́ ọ lẹ́yìnkùlé. Òjé ló wà nínú rẹ̀, májèlé gidi sì ni òjé fún ọpọlọ ọmọdé. Ní Thiaroye-sur-Mer, ní orílẹ̀-èdè Senegal, ọmọ 18 ló kú láàárín ìparí ọdún 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008 nítorí òjé bátìrì ọkọ̀ tí wọ́n ń tú ládùúgbò. Kò jìnnà sí wa náà: ní 2025, ìròyìn jáde káàkiri àgbáyé nípa òjé tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn ní Ògíjó, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń yọ́ bátìrì àlòkù. Ẹ dá ti yín padà fún ẹni tó ń ta tuntun.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá bá lójú títì, ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kó ti ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kó gbé àmì onígun mẹ́ta pupa sẹ́yìn ọkọ̀ níbi tó jìnnà díẹ̀, kó sì kó àwọn tó gbé jáde lọ dúró sí ìkọjá etí títì. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ìyẹn FRSC, ni 122, kò gba owó. Lẹ́yìn náà ni kó wá fetí sí ọkọ̀ rẹ̀, kó tan iná iwájú, kó wo orí bátìrì, kó di èyí tó tú mú. Bí ọkọ̀ bá ṣáná, kó má ṣe pa á mọ́ títí yóò fi dé ilé tàbí ọ̀dọ̀ rẹ́wáyà rẹ̀.